Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Ka Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù Kí Wọ́n Tó Dárúkọ Ìrísí

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wá àyè fún ọ̀rọ̀ kan lórí ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì, nítorí àwọn olùkọ́ ń ka ìwé ìròyìn yín, àwọn tó ń kọ ìwé fún akẹ́kọ̀ọ́ náà sì ń kà á. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí bí a ṣe ń mọ ìrísí mólékù: bóyá ó gùn gbọọrọ, bóyá ó tẹ̀, bóyá ó tẹ́ pẹrẹsẹ, tàbí ó ní orí àti ìdí. Àtẹ ni ọ̀pọ̀ ìwé fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí: fọ́múlà lápá òsì, orúkọ ìrísí láàárín, igun lápá ọ̀tún. Ọmọ á há gbogbo rẹ̀ sórí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ìbéèrè bá wá bọ́ sórí mólékù tí kò sí nínú àtẹ, ọwọ́ rẹ̀ ká nìyẹn.

Àtẹ yẹn, ìdáhùn ni. Kì í ṣe ọ̀nà. Ọ̀nà tó dé ibẹ̀ kò gbà ju ìròpọ̀, ìyọkúrò àti pípín sí méjì lọ, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n kò nílò àtẹ kankan.

Ìrònú tó wà nídìí rẹ̀ ti pẹ́. Ní 1916 ni Gilbert Lewis, ará Amẹ́ríkà, sọ pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì-méjì ló ń so átọ́ọ̀mù pọ̀. Ní 1940, Nevil Sidgwick àti Herbert Powell ní Oxford ṣàkíyèsí pé iye èjì ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó yí átọ́ọ̀mù àárín ká ló ń pinnu bí mólékù ṣe máa rí. Nígbà tó di 1957, Ronald Gillespie àti Ronald Nyholm, tí wọ́n jọ wà ní University College London nígbà náà, fi ohun tó kù kún un: wọ́n ní àwọn èjì wọ̀nyí kò dọ́gba, pé èyí tí kò so nǹkan kan máa ń gba àyè ju èyí tó so átọ́ọ̀mù méjì pọ̀ lọ. Àfikún yìí ló sọ ọ̀rọ̀ náà di irinṣẹ́, torí òun ló jẹ́ ká mọ ìdí tí igun inú omi fi kéré sí ti inú mẹ́tẹ́ènì (CH₄).

Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì tó wà láàárín átọ́ọ̀mù méjì, tó so wọ́n pọ̀, èjì ìdè la ó máa pè é nínú lẹ́tà yìí. Méjì tó jẹ́ ti átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo, èjì àdáwà ni. Ohunkóhun tó bá kọjú sí apá kan lára átọ́ọ̀mù àárín, ìdìpọ̀ kan ni, ìbáà jẹ́ èjì àdáwà, ìbáà jẹ́ ìdè ẹyọ kan, ìdè oníméjì tàbí onímẹ́ta. Òfin náà kò ju gbólóhùn kan lọ: àwọn ìdìpọ̀ tó yí átọ́ọ̀mù àárín ká máa ń jìnnà síra wọn débi tí àyè bá gbà wọ́n dé.

Wọ́n sábà máa ń kọ́ ọmọ pé torí iná mànàmáná tó wà lára ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni wọ́n ṣe ń lé ara wọn. Iná náà ní ipa tirẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni baba ọ̀rọ̀. Òfin tí Wolfgang Pauli gbé kalẹ̀ ní 1925 ló wà nídìí rẹ̀: ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì tí ìyípo wọn (ìyẹn «spin») dọ́gba kò lè jọ wà lójú kan náà. Ìdí nìyẹn tí méjì tí ìyípo wọn takora fi lè dì pọ̀ di èjì kan, tí èjì náà á sì máa yàgò fún èjì mìíràn.

Bí ìdìpọ̀ bá jẹ́ méjì, wọn á dojú kọ òdìkejì ara wọn, igun wọn á jẹ́ 180°. Mẹ́ta á tẹ́ pẹrẹsẹ, 120° láàárín ara wọn. Mẹ́rin kò ní tẹ́ rárá. Wọn á kọjú sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ohun olójú mẹ́rin, 109.5°. Márùn-ún á pín ara wọn sí ọ̀nà méjì: mẹ́ta á yí ìbàdí ká ní 120°, ọ̀kan á lọ sókè, ọ̀kan á lọ sí ìsàlẹ̀, àwọn méjì yìí á sì wà ní 90° sí àwọn ti ìbàdí. Mẹ́fà á kọjú sókè, sísàlẹ̀, àti sí apá mẹ́rin, gbogbo wọn ní 90°. Méje ṣọ̀wọ́n, IF₇ ni àpẹẹrẹ tí gbogbo ìwé máa ń mú wá: márùn-ún ní ìbàdí, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀.

Ìṣírò náà nìyí. Mú átọ́ọ̀mù àárín, kí o ka ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wà ní ìpele òde rẹ̀: bórọ́ọ̀nù ní 3, kábọ̀n ní 4, náítírójìn àti fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì ní 5, ọ́ksíjìn àti imí-ọjọ́ ní 6, fúlúórínì, kílórínì, brómínì àti áyódínì ní 7, xenon ní 8. Fi 1 kún un fún gbogbo átọ́ọ̀mù tó fi ìdè ẹyọ kan so mọ́ ọn, bíi háídírójìn, fúlúórínì tàbí kílórínì. OH náà, 1 ni. Ọ́ksíjìn tó wà létí, tí kò so mọ́ ẹlòmíràn, má fi nǹkan kan kún un nítorí rẹ̀. Èjì tó ti ọ̀dọ̀ átọ́ọ̀mù àárín wá la fi ń ka ìdìpọ̀ tirẹ̀. Náítírójìn tó fi ìdè onímẹ́ta so mọ́ ọn, bíi ti HCN, yọ 1 nítorí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wo àmì iná: bí áyọ́ọ̀nù (átọ́ọ̀mù tàbí mólékù tó ní iná) bá ní −, fi iye rẹ̀ kún un, bí ó bá ní +, yọ ọ́ kúrò. Pín èsì sí méjì. Ohun tó bá jáde ni iye ìdìpọ̀. Yọ iye átọ́ọ̀mù tó yí i ká kúrò nínú rẹ̀, èyí tó kù ni èjì àdáwà.

Ẹ wò ó lórí NH₄⁺: 5 + 4 − 1 jẹ́ 8, ìdìpọ̀ 4, átọ́ọ̀mù 4, kò sí àdáwà. SO₄²⁻: 6 + 0 + 2 jẹ́ 8, ìdìpọ̀ 4 náà ni. NO₃⁻: 5 + 0 + 1 jẹ́ 6, ìdìpọ̀ 3, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. XeO₃: 8 + 0 jẹ́ 8, ìdìpọ̀ 4, átọ́ọ̀mù 3, àdáwà 1, nítorí náà ìrísí rẹ̀ bá ti NH₃ mu bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nǹkan mìíràn tó pa wọ́n pọ̀.

Ibi tí àkọ́sórí ti máa ń dójú ti ọmọ jù ni orí ìdìpọ̀ márùn-ún, a ó sì dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ẹ mú SF₄. Ẹni tó bá ka átọ́ọ̀mù nìkan á rí fúlúórínì mẹ́rin, á rántí CH₄, á sì kọ 109.5°. Ṣùgbọ́n 6 + 4 jẹ́ 10, ìdìpọ̀ 5, átọ́ọ̀mù 4, àdáwà 1. Níbo ni àdáwà náà á wà, ní ìbàdí ni àbí lókè? Bó bá wà lókè, èjì ìdè mẹ́ta ni yóò wà ní 90° sí i. Bó bá wà ní ìbàdí, méjì péré ló máa wà ní 90° sí i, méjì yòókù á wà ní 120°, níbi tí lílé ara wọn ti dín kù gan-an. Nítorí náà, ìbàdí ló máa gbà. Ohun tí a sì wọ̀n bá a mu: igun àárín fúlúórínì méjì tó wà ní ìbàdí ti fún láti 120° sí nǹkan bí 101.6°, àwọn ti òkè àti ìsàlẹ̀ náà ti tẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ àdáwà, 180° ti di nǹkan bí 173°.

ClF₃ ló tún dùn jù. 7 + 3 jẹ́ 10, ìdìpọ̀ 5, àdáwà 2. Ọ̀nà mẹ́ta la lè gbà tò wọ́n. Èyí tó máa ń wọ ojú ọmọ ni kí a gbé àdáwà kan sókè, èkejì sí ìsàlẹ̀, torí 180° ló jìnnà jù. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, fúlúórínì mẹ́ta á yí ìbàdí ká, mólékù á sì tẹ́ bíi BF₃. Àmọ́ ìpàdé tó wà ní 90° ni ká kà, kì í ṣe bí àdáwà méjì ṣe jìnnà síra wọn nìkan. Nínú ètò yìí, àdáwà àti ìdè pàdé ní 90° nígbà mẹ́fà. Bí àdáwà kan bá wà lókè, tí èkejì wà ní ìbàdí, àdáwà méjèèjì ti kojú ara wọn ní 90° lẹ́ẹ̀kan, èyí sì ni ìpàdé tó burú jù. Ètò yẹn ti bọ́. Bí àwọn méjèèjì bá wà ní ìbàdí, wọ́n wà ní 120° síra wọn, àdáwà àti ìdè pàdé nígbà mẹ́rin, ìdè àti ìdè nígbà méjì. Mẹ́rin sàn ju mẹ́fà lọ. Bí ClF₃ ṣe gba ìrísí lẹ́tà T nìyẹn, pẹ̀lú igun tó jẹ́ 87.5° dípò 90° geere. Fúlúórínì méjì tó wà lórí igi T náà jìnnà sí kílórínì ju ẹ̀kẹta lọ, nǹkan bí 170 píkómítà sí 160, nítorí àwọn ni lílé ní 90° pọ̀ sí lára.

Ẹni tó bá ti rí èyí kò tún ní há XeF₂ àti I₃⁻ sórí mọ́. Àwọn méjèèjì ní ìdìpọ̀ 5, àdáwà 3. Àdáwà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á gba ìbàdí, ohun tó kù á wà lókè àti nísàlẹ̀, mólékù á gùn gbọọrọ. Bákan náà ni ti ìdìpọ̀ mẹ́fà, ó tilẹ̀ rọrùn jù. BrF₅ ní àdáwà kan. Ibikíbi tó bá wà, ọ̀kan náà ni, torí gbogbo ipò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dọ́gba. Ó ti àwọn fúlúórínì mẹ́rin tó wà nítòsí rẹ̀ sókè díẹ̀, tí igun wọn sí ti orí fi di nǹkan bí 85°. XeF₄ ní àdáwà méjì, wọ́n á dojú kọ òdìkejì ara wọn, xenon àti fúlúórínì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì tẹ́ pẹrẹsẹ ní igun mẹ́rin. Ní 1962 tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe XeF₄, òfin yìí ti wà nílẹ̀ ọdún márùn-ún ṣáájú, kò sì sí ẹni tó nílò láti yí i padà kí ó tó lè gba mólékù tuntun náà.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ lórí àṣìṣe, torí a máa ń rí àwọn kan náà ṣáá. Àkọ́kọ́ ni pé ọmọ á dárúkọ bí ìdìpọ̀ ṣe tò dípò ìrísí mólékù. NH₃ ní ìdìpọ̀ mẹ́rin, àwọn ìdìpọ̀ náà tò sí ojú mẹ́rin lóòótọ́, ṣùgbọ́n átọ́ọ̀mù la fi ń sọ ìrísí, torí átọ́ọ̀mù ni ohun èlò ìwọ̀n ń rí. Píramídì onígun mẹ́ta ni NH₃. Èkejì ni àmì iná: ọmọ rí +, ó fi 1 kún un. Àmì + túmọ̀ sí pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ti lọ. Ẹ̀kẹta ni kíka àdáwà tó wà lára átọ́ọ̀mù etí. Fúlúórínì kọ̀ọ̀kan nínú BF₃ ní àdáwà mẹ́ta, kò sì kan igun tó wà lọ́dọ̀ bórọ́ọ̀nù. Ẹ̀kẹrin ni yíyan átọ́ọ̀mù àárín láìronú. Háídírójìn kì í wà láàárín irú mólékù wọ̀nyí. Èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ń fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló sábà máa ń wà níbẹ̀. N₂O ń tan ọ̀pọ̀ jẹ: wọ́n á gbé ọ́ksíjìn sáàárín bíi ti omi, nígbà tó jẹ́ pé náítírójìn kan ló wà láàárín, náítírójìn kejì lápá kan, ọ́ksíjìn lápá kejì, ó sì gùn gbọọrọ.

Èyí tó ń bí wa nínú jù, ìwé ló ń kọ́ ọmọ: «yọ 2.5° kúrò fún àdáwà kọ̀ọ̀kan». CH₄ 109.5°, NH₃ 107°, omi 104.5°. Ó dára lójú, ó sì bá mólékù mẹ́ta yìí mu. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ H₂S, tó yẹ kó jẹ́ 104.5° bí òfin yẹn bá jẹ́ òótọ́: 92.1° ni. PH₃ tó yẹ kó jẹ́ 107° jẹ́ nǹkan bí 93.5°. NF₃ jẹ́ 102.2°. Kì í ṣe òfin rárá. Mólékù mẹ́ta péré ni wọ́n fi ṣe é, mólékù mẹ́ta náà nìkan ló sì bá mu.

Ohun tó yẹ kí ọmọ mọ̀ ni ìdí tí igun fi ń fún. Átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ló ń fa èjì àdáwà, nítorí náà ó fẹjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ átọ́ọ̀mù àárín, ó gba àyè lọ́wọ́ àwọn yòókù. Èjì ìdè ní tirẹ̀, átọ́ọ̀mù méjì ló ń fà á, ó sì tín-ín-rín. Ìdí nìyẹn tí àdáwà sí àdáwà fi le jù, tí àdáwà sí ìdè fi tẹ̀ lé e, tí ìdè sí ìdè fi rọ̀ jù. Bí átọ́ọ̀mù etí bá tún ń fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù gidigidi bíi fúlúórínì, èjì ìdè á sún kúrò lọ́dọ̀ átọ́ọ̀mù àárín, àyè tó ń gbà níbẹ̀ á dín kù, igun á sì fún sí i. Ohun tó mú NF₃ kéré sí NH₃ nìyẹn. Ẹ wo PF₃, PCl₃ àti PBr₃: nǹkan bí 97.8°, 100.3° àti 101°, igun ń gbòòrò bí agbára fífà ṣe ń dín kù. Ní ti H₂S àti PH₃, átọ́ọ̀mù àárín tóbi, àwọn ìdè rẹ̀ gùn, wọ́n sì jìnnà síra wọn. Àdáwà lè tì wọ́n dé ẹ̀bá 90° kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara wọn padà.

Ìdè oníméjì, ìdìpọ̀ kan ni, ṣùgbọ́n ìdìpọ̀ tó sanra ni. Nínú COCl₂, tó ní ìdìpọ̀ mẹ́ta, igun àárín kílórínì méjì kì í ṣe 120° bí kò ṣe nǹkan bí 112°, nítorí ìdè ọ́ksíjìn ti tì wọ́n. A sì lè rí ìdìpọ̀ tí kò kún pàápàá. NO₂⁺: 5 − 1 jẹ́ 4, ìdìpọ̀ 2, 180°. NO₂⁻: 5 + 1 jẹ́ 6, ìdìpọ̀ 3, àdáwà 1, nǹkan bí 115°. NO₂ tí kò ní iná: 5, tó pín sí 2.5. Mú un bí 3, ṣùgbọ́n rántí pé ìdìpọ̀ kẹta ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo, kò lágbára tó èjì. Igun rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 134°. Mólékù mẹ́ta yìí nìkan tó ẹ̀kọ́ wákàtí kan, ó sì yà wá lẹ́nu pé ìwé kì í fẹ́ tò wọ́n sójú kan.

Bébà náà ń ṣini lọ́nà. A máa ń ya CH₄ bí àgbélébùú, ọmọ á sì gbà pé 90° ni. Ní kó ya CH₂Cl₂ lọ́nà méjì, kílórínì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àti kílórínì méjì lódìkejì ara wọn, kó sì sọ bóyá mólékù kan náà ni. Ká ní ó tẹ́ pẹrẹsẹ ni, méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ì bá jẹ́, tí ìwọ̀n ooru tí wọ́n fi ń hó ì bá sì yàtọ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo la tíì rí rí. Irú ìrònú yìí ni Jacobus van 't Hoff àti Joseph Le Bel lò ní 1874, tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, láti sọ pé ìdè kábọ̀n kọjú sí ojú mẹ́rin.

Olùkọ́ tí kò ní irinṣẹ́ lè lo fèrè oníròbà tí àwọn ọmọdé máa ń fẹ́ sí. Fẹ́ méjì kí wọ́n dọ́gba, so ọrùn wọn pọ̀ pinpin. Fẹ́ méjì mìíràn, so àwọn náà. Wá lọ́ ọrùn èjì kejì mọ́ ti àkọ́kọ́: mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fúnra wọn tò sí ojú mẹ́rin, bí o bá tilẹ̀ tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, wọ́n á padà síbẹ̀. Mẹ́ta tí a so mọ́ méjì á fún ọ ní márùn-ún, méjì lọ́nà mẹ́ta á fún ọ ní mẹ́fà. Bí fèrè kò bá dọ́gba tàbí tí okùn bá dẹ̀, yóò wọ́. Ohun kan wà tí kò yẹ kí o ṣe: má bẹ́ fèrè kan kí o máa pè é ní àdáwà. Àdáwà ṣì wà níbẹ̀, ó tilẹ̀ tóbi ju àwọn yòókù lọ. Fèrè aláwọ̀ mìíràn ni kí o lò fún un, kí o fẹ́ ẹ tóbi díẹ̀ sí i, kí ọmọ fi ojú ara rẹ̀ rí i bó ṣe ń ti mẹ́ta yòókù.

Àwọn kan á ní kí ni ìrísí wúlò fún. Omi nìkan tó láti dá wọn lóhùn. CO₂ àti H₂O, átọ́ọ̀mù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n. CO₂ gùn gbọọrọ, fífà apá ọ̀tún pa ti apá òsì rẹ́, odo ló kù. Omi tẹ̀, fífà méjèèjì para pọ̀ sí apá kan, 1.85 Debye (ìwọ̀n tí a fi ń sọ bí fífà náà ṣe pọ̀ tó). Lára ìtẹ̀ yẹn ni agbára tí omi fi ń yọ́ iyọ̀ ti wá. NH₃ ní 1.47 Debye, NF₃ sì ní 0.23 péré bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrísí wọn jọra, torí àdáwà àti fúlúórínì ń fà lódìkejì ara wọn. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí àdáwà wà kò lè ṣàlàyé èyí.

A kò sọ pé òfin yìí kò ní ibi tó kù sí, àìsọ ibẹ̀ sì jẹ́ àléébù nínú ìwé púpọ̀. XeF₆ jẹ́ 8 + 6, ìdìpọ̀ 7, àdáwà 1. Gillespie sọ tẹ́lẹ̀ pé kò ní tò geere sí ojú mẹ́jọ (bí ìdìpọ̀ mẹ́fà ṣe ń tò), bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. TeCl₆²⁻ jẹ́ 6 + 6 + 2, iye kan náà, síbẹ̀ ó tò geere sí ojú mẹ́jọ: kílórínì mẹ́fà tó tóbi ti há àyè mọ́ àdáwà, ó sì fà sún mọ́ inú átọ́ọ̀mù. Nínú gáàsì, ó yẹ kí BaF₂ gùn gbọọrọ, ó tẹ̀. Àwọn irin àárín àtẹ átọ́ọ̀mù kò gbọ́ tirẹ̀ rárá: NiCl₄²⁻ tò sí ojú mẹ́rin, Ni(CN)₄²⁻ tẹ́ pẹrẹsẹ, irin kan náà, iye ìdè kan náà. Òfin yìí kò sì sọ bóyá mólékù á wà tàbí kò ní sí. Ìṣírò PCl₅ fún wa ní ìdìpọ̀ 5, bẹ́ẹ̀ ló sì rí nínú gáàsì, ṣùgbọ́n bí ó bá dì, ó máa ń di PCl₄⁺ àti PCl₆⁻. PF₅ náà kì í jókòó jẹ́ẹ́: àwọn fúlúórínì rẹ̀ ń pààrọ̀ ipò láàárín òkè àti ìbàdí kíákíá, ọ̀nà tí Stephen Berry ṣàlàyé ní 1960, tí ohun èlò kan fi ń rí márààrún bí ẹni pé wọ́n dọ́gba.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ẹni tó ń ṣètò ìbéèrè béèrè iye ìdìpọ̀ àti iye àdáwà kó tó béèrè orúkọ, kó sì fi máàkì sí i. Kó mú mólékù tí kò sí nínú àtẹ. Bó bá béèrè igun, kó gba «ó dín díẹ̀ sí 109.5°» pẹ̀lú àlàyé, torí òfin yìí kò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìwọ̀n gan-an, ohun èlò ló ń sọ ọ́. Kí ìwé sì gbé ọ̀rọ̀ 2.5° yẹn jù nù.

Ẹni tó bá fẹ́ dán ara rẹ̀ wò, kó ṣe ICl₄⁻, IF₄⁺ àti SOF₄. Àkọ́kọ́ jẹ́ 12, ìdìpọ̀ 6, àdáwà 2, bíi XeF₄. Èkejì jẹ́ 10, ìdìpọ̀ 5, àdáwà 1, bíi SF₄. Ẹ̀kẹta jẹ́ 10 náà, ìdìpọ̀ 5, kò sí àdáwà, ṣùgbọ́n ìbéèrè kù: ìbàdí ni ọ́ksíjìn wà ni, àbí òkè? Ìbàdí ni, torí ìdè oníméjì sanra ju ẹyọ lọ, ibi tí àdáwà SF₄ sá lọ lòun náà sá lọ.

Tiyín ní tòótọ́,
Àwọn olùkọ́ kẹ́mísírì